Láti Munich dé adágún Tegernsee: bí ẹ ṣe máa dé ibẹ̀ láì bá ara yín ní Lenggries

Reluwé kan ṣoṣo ló ń gbéra ní Munich, ibi mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ló sì ń lọ: Tegernsee, Lenggries àti Bayrischzell. Ìdí nìyẹn tí ẹni tó ra tíkẹ́ẹ̀tì tó yẹ, tó tètè dé ibùdókọ̀, tó sì rí àyè jókòó sẹ́bàá fèrèsé, ṣe lè sọ̀kalẹ̀ ní ìlú tí kò gbèrò láti lọ. Yàtọ̀ sí ìyẹn, ìrìn àjò náà kò le. Nǹkan bíi kìlómítà 50 ni adágún Tegernsee sí Munich, lápá gúúsù, ní ẹsẹ̀ àwọn òkè Alps. Reluwé ń gbé èèyàn débẹ̀ láàárín nǹkan bíi wákàtí kan, láì pààrọ̀ ọkọ̀ lójú ọ̀nà. Ojú irin náà ti pẹ́: ọdún 1883 ló dé Gmund, ní etí àríwá adágún, wọ́n sì nà án dé ìlú Tegernsee fúnra rẹ̀ lọ́dún 1902.

Ẹni tó ń lọ láàárọ̀, tó sì ń bọ̀ lálẹ́ ọjọ́ kan náà la kọ èyí fún. Tí ẹ bá máa sùn síbẹ̀, ohun kan péré la fi kún un: ẹ béèrè káàdì àlejò lọ́wọ́ ilé ìtura tí ẹ bá dé sí, nítorí pé ó máa ń gba owó bọ́ọ̀sì àyíká adágún kúrò lọ́rùn yín.

1. Ẹ pinnu etí adágún tí ẹ ń lọ

Orúkọ kan náà ni adágún náà àti ìlú kan tó wà létí rẹ̀ ń jẹ́, ó sì máa ń da àlejò láàmú. Ìlú márùn-ún ló wà ní àfonífojì náà. Gmund wà ní àríwá, níbi tí odò Mangfall ti ń ṣàn jáde kúrò nínú adágún. Tegernsee wà ní ìlà oòrùn. Rottach-Egern wà ní gúúsù, Kreuth sì wà lẹ́yìn rẹ̀, lójú ọ̀nà tó lọ sí ẹnubodè Austria. Bad Wiessee ló dá wà ní ìwọ̀ oòrùn. Méjì péré ni reluwé dé nínú márààrún: Gmund àti Tegernsee.

Tó bá jẹ́ Bad Wiessee lẹ ń lọ, ní Gmund ni kí ẹ ti bọ́ọ́lẹ̀ kí ẹ wọ bọ́ọ̀sì. Ẹni tó bá dúró nínú ọkọ̀ títí dé Tegernsee ti kọjá síhà kejì omi, yóò sì tún máa yí adágún po padà. Tó bá jẹ́ Rottach-Egern, òkè Wallberg tàbí Kreuth, ẹ lọ títí dé Tegernsee, ibi tí ojú irin parí sí, kí ẹ wá wọ bọ́ọ̀sì níwájú ibùdókọ̀. Tó bá jẹ́ ẹ kàn fẹ́ wẹ̀ lódò, kí ẹ tẹ́ aṣọ sórí koríko, kí ẹ jẹ oúnjẹ tí ẹ gbé wá, Gmund ló dára jù, nítorí pé etí omi tó ń jẹ́ Seeglas wà níbẹ̀, ẹnikẹ́ni kì í gba owó ìwọlé, ẹ sì lè fẹsẹ̀ rìn débẹ̀ láti ibùdókọ̀. Ẹni tó bá fẹ́ rí ilé àwọn mọ́ńkì Benedict àtijọ́, tó fẹ́ mu bíà nínú gbọ̀ngàn tó wà nínú ilé náà, tàbí tó fẹ́ wọ ọkọ̀ ojú omi, Tegernsee ni tirẹ̀.

2. Tíkẹ́ẹ̀tì

Ibí yìí ni owó ti ń ṣòfò jù. Kì í ṣe pé tíkẹ́ẹ̀tì ò sí. Ó pọ̀ jù ni, kálukú wọn ló sì ní òfin tirẹ̀.

Tí ẹ bá ti ní Deutschlandticket, ìyẹn tíkẹ́ẹ̀tì oṣooṣù fún bọ́ọ̀sì àti reluwé kéékèèké káàkiri Germany, ẹ dákẹ́, ẹ máa lọ. Ó bo reluwé náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ó sì bo bọ́ọ̀sì àyíká adágún pẹ̀lú. 49 yúrò lóṣù ni nígbà tó bẹ̀rẹ̀ ní oṣù karùn-ún 2023; ó di 58 ní ìbẹ̀rẹ̀ 2025, ó sì di 63 ní ìbẹ̀rẹ̀ 2026. Àsansílẹ̀ oṣooṣù ni, kì í sì í parí fúnra rẹ̀: ẹni tó bá fẹ́ jáwọ́ ní òpin oṣù gbọ́dọ̀ ti fagi lé e kí ọjọ́ kẹwàá oṣù náà tó kọjá, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ wọ́n á yọ owó oṣù tó ń bọ̀. Ti ẹnì kan ni, a kì í yá ẹlòmíràn. Kò bo kẹ̀kẹ́, kò bo ọkọ̀ ojú omi, kò bo ọkọ̀ orí wáyà tó ń gun Wallberg, ipò kejì nìkan ni ẹ sì lè fi jókòó.

Tí ẹ kò bá ní in, tíkẹ́ẹ̀tì ọjọ́ kan ti MVV ni kí ẹ kọ́kọ́ wò. MVV ni àjọ tó so ọkọ̀ Munich àti agbègbè rẹ̀ pọ̀ sábẹ́ owó ọkọ̀ kan. Láti oṣù Kejìlá 2023 ni àgbègbè Miesbach, tí Tegernsee wà lábẹ́ rẹ̀, ti wọ inú rẹ̀. Èyí ṣe pàtàkì, torí ọ̀pọ̀ ìmọ̀ràn tó wà níta títí di ìsinsìnyí ni wọ́n ti kọ kó tó di ìgbà náà, wọ́n á sì máa sọ pé tíkẹ́ẹ̀tì Munich kò dé Tegernsee. Ó ń dé báyìí, ṣùgbọ́n iye ẹkùn (àwọn apá tí MVV pín agbègbè náà sí láti fi ṣírò owó ọkọ̀) tí ẹ bá sanwó fún ló ń pinnu. Lórí ẹ̀rọ tàbí áàpù, ẹ má yan ẹkùn nípa ìméfò. Ẹ tẹ orúkọ ìlú tí ẹ ń lọ, ẹ jẹ́ kí ẹ̀rọ náà yan ẹkùn fún yín. Ẹni tó bá ní káàdì oṣooṣù tó mọ sí ẹkùn M, ìyẹn àárín Munich, gbọ́dọ̀ sanwó ẹkùn tó kù kó tó wọ ọkọ̀, kì í ṣe lẹ́yìn tí ayẹ̀wéwò bá ti dúró tì í.

Tíkẹ́ẹ̀tì ọjọ́ kan yìí ń ṣiṣẹ́ títí di aago mẹ́fà àárọ̀ ọjọ́ kejì. Ti ẹnì kan wà, ti ẹgbẹ́ náà wà, èyí tó gba àgbàlagbà márùn-ún. Àwọn ọmọ tó wà láàárín ọdún 6 sí 14, méjì wọn ni wọ́n kà sí àgbàlagbà kan lórí tíkẹ́ẹ̀tì ẹgbẹ́. Bàbá, ìyá àti ọmọ mẹ́rin ṣì wọ inú rẹ̀, àyè ẹnì kan á sì ṣẹ́ kù. Ọmọ tí kò tíì pé ọdún mẹ́fà kì í san nǹkan kan.

Ẹ̀kẹta ni Bayern-Ticket, tó gbà yín láyè láti wọ reluwé kéékèèké káàkiri gbogbo ìpínlẹ̀ Bavaria lọ́jọ́ kan. Àwa ò ní rà á fún Tegernsee nìkan bí ẹ bá jẹ́ ẹnì kan tàbí méjì. Ó wúlò tí ẹ bá fẹ́ tẹ̀ síwájú sí ibòmíràn lọ́jọ́ náà, tàbí tí ẹ bá ń ti ìlú tó wà ní òdìkejì Munich bọ̀. Kí ẹ tó yan èyíkéyìí, ẹ gbé owó rẹ̀ àti ti MVV sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn lórí ẹ̀rọ kan náà. Ẹ rántí pé láti ọjọ́ Ajé dé ọjọ́ Ẹtì, aago mẹ́sàn-án àárọ̀ ni Bayern-Ticket tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ Àìkú àti ọjọ́ ìsinmi nìkan ló ń ṣiṣẹ́ láti ọ̀gànjọ́ òru. Ẹni tó bá wọ ọkọ̀ aago mẹ́jọ ààbọ̀ lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun pẹ̀lú rẹ̀ kò ní tíkẹ́ẹ̀tì lójú òfin, bó tiẹ̀ jẹ́ pé aago mẹ́sàn-án á lù kó tó dé adágún.

Àṣìṣe mẹ́ta ló wọ́pọ̀ jù níbí, owó ìtanràn wọn sì jẹ́ 60 yúrò. Èkíní: tíkẹ́ẹ̀tì MVV oníbébà tí ẹ̀rọ kò tíì tẹ ọjọ́ àti aago sí lára. Àwọn kan ń jáde tòun ti òǹtẹ̀, àwọn kan kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Tí ti yín kò bá ní in, ẹ fi sẹ́nu àpótí kékeré tó wà lẹ́nu ọ̀nà pèpéle kí ẹ tó wọ ọkọ̀. Èkejì: Bayern-Ticket tí orúkọ kò sí lórí rẹ̀. Àyè wà níbẹ̀ tí ẹ gbọ́dọ̀ kọ orúkọ sí, ẹ lo bírò, kì í ṣe pẹ́ńsù. Ẹ̀kẹta: tíkẹ́ẹ̀tì orí fóònù tí bátìrì kú mọ́. Ayẹ̀wéwò kì í gba àwáwí lórí bátìrì.

3. Ẹ yan ibi tí ẹ ti máa wọ ọkọ̀

Ní ibùdókọ̀ ńlá Munich, tí wọ́n ń pè ní Hauptbahnhof, kì í ṣe gbọ̀ngàn àárín ni ọkọ̀ yìí ti ń gbéra. Ẹ̀gbẹ́ àríwá ni, ní apá tí wọ́n ń pè ní Starnberger Flügelbahnhof, níbi tí ojú irin 27 sí 36 wà, létí òpópónà Arnulfstrasse. Láti ìsàlẹ̀ ilẹ̀, níbi tí U-Bahn (reluwé abẹ́ ilẹ̀) àti S-Bahn (reluwé ìgboro àti agbègbè rẹ̀) ń dúró sí, ẹ fún ara yín ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Wọ́n ti ń tún ibùdókọ̀ náà kọ́ láti ọdún pípẹ́, ọ̀nà tó ṣí lóṣù tó kọjá lè ti di pípa, torí náà ẹni tó bá fi ìṣẹ́jú mẹ́rin sí i á kàn rí ẹ̀yìn ọkọ̀ ni.

Ibi méjì mìíràn wà láàárín ìgboro tí ọkọ̀ náà ti ń dúró, ọ̀pọ̀ kò sì mọ̀ ọ́n. Donnersbergerbrücke ni èkíní. Ẹni tó bá ń bọ̀ láti ẹ̀gbẹ́ ìlú yòówù pẹ̀lú S-Bahn lè sọ̀kalẹ̀ níbẹ̀ kó sì bọ́ sí pèpéle kejì, kò ní í rin ìrìn gbogbo ti Hauptbahnhof. Harras ni èkejì, fún àwọn tó ń gbé lójú ọ̀nà U6. Ohun tí ẹ máa pàdánù ni ìjókòó: lọ́jọ́ Àbámẹ́ta tí oòrùn bá ràn, tí ọkọ̀ bá fi máa dé Harras, ìdúró ló kù. Èrò wa ni pé lọ́jọ́ iṣẹ́, ẹ lo Harras tàbí Donnersbergerbrücke. Ní òpin ọ̀sẹ̀, ẹ lọ bẹ̀rẹ̀ láti Hauptbahnhof.

Bayerische Regiobahn, BRB ní kúkúrú, ló ń wa ọkọ̀ náà. Títí di 2020, Bayerische Oberlandbahn, BOB, ni orúkọ rẹ̀, àwọn àgbà ìlú ò sì tíì jáwọ́ nínú pípè é bẹ́ẹ̀. RB57 ni nọ́ńbà tí ẹ ń wá. Bí ẹ bá fẹ́ rí àyè lọ́jọ́ ìsinmi tí ojú ọjọ́ dára, ẹ wọ ọkọ̀ tó ń gbéra ṣáájú aago mẹ́jọ. Láàárín mẹ́jọ sí mẹ́wàá, gbogbo ẹni tó ní bàtà ìgun-òkè ní Munich ló máa ń wà lórí pèpéle náà.

4. Ẹ wọ apá tó tọ́ lára ọkọ̀

Ibí ni ọ̀rọ̀ wà. Ohun tó ń jáde ní Munich kì í ṣe ọkọ̀ kan ní ti gidi. Ọkọ̀ mẹ́ta tí wọ́n so mọ́ra ni. RB55 ń lọ sí Bayrischzell, ó sì ń gba ẹ̀gbẹ́ adágún Schliersee kọjá. RB56 ń lọ sí Lenggries, ó ń gba Bad Tölz. RB57 ni ti Tegernsee. Wọ́n á jọ sáré dé Holzkirchen. Níbẹ̀ ni apá Bayrischzell ti ń tú ara rẹ̀ kúrò. Méjì tó kù á jọ lọ dé Schaftlach, kí Lenggries tó yà sọ́tùn-ún, kí Tegernsee sì máa bá tirẹ̀ lọ. Kò sí ọ̀nà tí èèyàn lè gbà rìn láti inú apá kan bọ́ sí èkejì nígbà tí ọkọ̀ ń lọ. Ògiri ni, awakọ̀ ló sì wà lẹ́yìn rẹ̀.

Bí ẹ bá dé pèpéle, ẹ ṣe é báyìí:

Ẹ wo pátákó iná tó wà lókè orí. Yóò kọ ibi mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, yóò sì fi apá tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wà hàn. Lẹ́yìn náà, ẹ rìn dé ibi tí ẹ rò pé ó jẹ́ ti Tegernsee, kí ẹ sì ka orúkọ tó wà lára ọkọ̀ gan-an, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn tí ẹ fẹ́ gbà wọlé. Ilẹ̀kùn yẹn, kì í ṣe èyí tí ẹ kọjá lára rẹ̀ ní àádọ́ta ẹsẹ̀ sẹ́yìn. Tí pátákó pèpéle bá sọ ohun kan, tí ara ọkọ̀ sì sọ òmíràn, ara ọkọ̀ ni kí ẹ gbà gbọ́, nítorí pé ètò ìtòlẹ́sẹẹsẹ máa ń yí padà tí ọkọ̀ kan bá bàjẹ́ láàárọ̀. Nígbà tí ẹ bá wọlé tán, ẹ tún gbójú sókè: ibojú kékeré wà nínú ọkọ̀ tó ń to orúkọ ibùdó tẹ̀ léra. Tí ẹ bá rí Moosrain, Gmund àti Tegernsee níbẹ̀, ẹ jókòó. Tó bá jẹ́ Reichersbeuern àti Bad Tölz lẹ rí, Lenggries nìyẹn. Miesbach àti Hausham? Ti Bayrischzell ni.

Tí wọ́n bá kéde lórí gbohùngbohùn, ẹ tẹ́tí sí ọ̀rọ̀ mẹ́ta: „vorderer Zugteil“ ni apá iwájú, „mittlerer“ ni ti àárín, „hinterer“ ni ti ẹ̀yìn. Ibi tí ọkọ̀ dorí kọ ni wọ́n ń pè ní iwájú, kì í ṣe ibi tí ẹ gbà wọlé. Hauptbahnhof sì jẹ́ ibùdó tí ojú irin ti parí, tí gbogbo ọkọ̀ ń jáde láti apá kan náà. Nítorí náà apá iwájú ló jìnnà jù sí gbọ̀ngàn, ẹ máa rìn gba gbogbo gígùn pèpéle kí ẹ tó kàn án. Àwọn tó ń dé nígbà tó kù ìṣẹ́jú kan, ilẹ̀kùn àkọ́kọ́ ni wọ́n ń fò sí, apá ẹ̀yìn sì ni ilẹ̀kùn yẹn. Tí ti Tegernsee bá wà níwájú lọ́jọ́ náà, wọ́n ti ṣìnà láti Munich.

Ká ní ó ṣẹlẹ̀ ńkọ́? Bí ẹ bá ti fura kí ọkọ̀ tó dé Holzkirchen, kò sí ìjà. Ẹ dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn, ẹ bọ́ọ́lẹ̀ ní Holzkirchen, ẹ rìn kíá lórí pèpéle lọ sí apá tó tọ́. Ọkọ̀ máa ń dúró díẹ̀ níbẹ̀ nítorí ìtúsọ́tọ̀, àyè wà. Bẹ́ẹ̀ náà ni ní Schaftlach. Ẹ má dán an wò ní àwọn ibùdó kéékèèké, torí kò pẹ́ tí ilẹ̀kùn ń pa níbẹ̀.

Tí ẹ bá ti kọjá Schaftlach nínú apá Lenggries, ẹ sọ̀kalẹ̀ ní Reichersbeuern, ìbùdó tó kàn, kí ẹ dúró de ọkọ̀ tó ń padà sí Schaftlach, kí ẹ wá wọ ti Tegernsee níbẹ̀. Ó lè gbà yín ní wákàtí kan. Tí ẹ bá wà nínú apá Bayrischzell, ẹ sọ̀kalẹ̀ ní ibùdó àkọ́kọ́ lẹ́yìn Holzkirchen, kí ẹ padà síbẹ̀. Àmọ́ tó bá jẹ́ pé Schliersee ni ojú yín ti là, ìmọ̀ràn tiwa ni pé kí ẹ dúró síbẹ̀. Adágún gidi ni òun náà, ó kéré ju Tegernsee lọ, ó sì dákẹ́ jù ú lọ, ìdajì ọjọ́ tí ẹ máa fi wá ọ̀nà àbáyọ kò ní ṣòfò.

5. Nínú ọkọ̀

Epo dísù ni ọkọ̀ náà ń lò. Okùn iná mànàmáná tí S-Bahn ń lò dúró sí Holzkirchen. Ilé ìyàgbẹ́ wà nínú rẹ̀. Ẹ jókòó sápá ọ̀tún bí ẹ bá ń lọ, nítorí pé lẹ́yìn Gmund, ọ̀tún ni adágún wà títí dé Tegernsee. Nígbà tí ẹ bá ń bọ̀, òsì ni.

Fún kẹ̀kẹ́, ẹ ra tíkẹ́ẹ̀tì tirẹ̀ lọ́tọ̀, yàtọ̀ sí èyí tó ṣeé ká pọ̀, tí wọ́n kà sí ẹrù. Àyè kẹ̀kẹ́ kò pọ̀, bó bá sì ti kún, òṣìṣẹ́ ọkọ̀ lè ní kí ẹ dúró de òmíràn, tíkẹ́ẹ̀tì yín kò sì ní dá a dúró. Ẹ tún rántí pé láàárín Munich, S-Bahn àti U-Bahn kì í gba kẹ̀kẹ́ láàárín aago mẹ́fà sí mẹ́sàn-án àárọ̀ àti aago mẹ́rin sí mẹ́fà ìrọ̀lẹ́ lọ́jọ́ iṣẹ́. Ẹni tó bá padà dé Hauptbahnhof ní aago márùn-ún ọjọ́ Ọjọ́bọ̀ gbọ́dọ̀ gùn ún lọ sílé.

6. Nígbà tí ẹ bá dé

Ibùdókọ̀ Tegernsee wà lókè díẹ̀. Ẹ máa sọ̀kalẹ̀ gba ìgboro lọ sétí omi ní nǹkan bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Ọkọ̀ ojú omi ti Bayerische Seenschifffahrt ní ibi ìdúró níbẹ̀, wọ́n ń lọ sí Rottach-Egern, Bad Wiessee àti Gmund. Ẹ má gbára lé ìgbà tí ẹ rí lórí àwòrán ẹnìkan: ìlànà ìgbà òtútù kéré púpọ̀ sí ti ìgbà ooru, ìjì sì lè dá wọn dúró nígbàkigbà. Ohun tí àwa máa ń sọ fún èèyàn ni pé kí ó wọ ọkọ̀ omi nígbà tó bá ń lọ, kó sì fi bọ́ọ̀sì bọ̀, nítorí pé ọkọ̀ omi ló ń kọ́kọ́ parí iṣẹ́ nírọ̀lẹ́.

Fún Wallberg, bọ́ọ̀sì ń gbé yín dé ẹsẹ̀ ọkọ̀ orí wáyà ní Rottach-Egern. Ṣóńṣó òkè náà ga ní mítà 1,722, bẹ́ẹ̀ sì ni adágún wà ní mítà 725, torí náà òtútù òkè yàtọ̀ sí ti ìsàlẹ̀, kódà nínú oṣù Keje. Ẹ mọ aago tí ọkọ̀ ìkẹyìn ń sọ̀ kí ẹ tó gun òkè. Ẹni tó bá pàdánù rẹ̀ á fi ẹsẹ̀ sọ̀, ọ̀nà náà sì gùn ju bí ó ṣe rí láti òkè lọ.

Tó bá jẹ́ ìrìn ẹsẹ̀ lẹ fẹ́, èyí tó bá reluwé mu jù lọ ni Tegernseer Höhenweg, ọ̀nà tó gba ẹ̀gbẹ́ òkè ìlà oòrùn láti Gmund dé Tegernsee. Ẹ sọ̀kalẹ̀ ní Gmund, ẹ tẹ̀ lé àmì ọ̀nà, wákàtí méjì sí mẹ́ta ni, kí ẹ wá wọ ọkọ̀ bọ̀ ní Tegernsee. Ọ̀nà yìí ṣàǹfààní ju kí ẹ bẹ̀rẹ̀ láti Tegernsee lọ. Ìdí rẹ̀ wà nísàlẹ̀.

Fún ìwẹ̀: omi òkè ni, ó jìn dé mítà 72 níbi tó jìn jù, ó sì máa ń tutù ju bí oòrùn ṣe jẹ́ kó jọ lọ. Ẹ má fò sínú rẹ̀ pẹ̀lú ara gbígbóná. Ẹ mọ iná aláwọ̀ ọsàn tó wà létí adágún. Bó bá ń ṣẹ́jú ní ìgbà 40 láàárín ìṣẹ́jú kan, afẹ́fẹ́ líle lè dé: ẹ sún mọ́ etí omi. Bó bá di ìgbà 90, ìjì ń bọ̀: ẹ jáde nínú omi lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, yálà ẹ ń wẹ̀ ni tàbí ẹ wà nínú ọkọ̀ kékeré. Ìjì láti orí Alps kì í pẹ́ kó tó dé. 112 ni nọ́ńbà pàjáwìrì.

7. Ìpadàbọ̀, àti ohun tó ń bà á jẹ́

Láti aago mẹ́rin sí mẹ́fà ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Àìkú, gbogbo ẹni tó wá láàárọ̀ ló ń padà. Tegernsee ni ọkọ̀ ti ń bẹ̀rẹ̀, nítorí náà ibẹ̀ ni ìjókòó wà. Tí ẹ bá dúró dè é ní Gmund, ó ti kún. Ìdí nìyẹn tó fi dára kí ìrìn ẹsẹ̀ yín parí sí Tegernsee. Tí ẹ kò bá lè dé ibùdó ṣáájú aago mẹ́rin, ẹ jẹun alẹ́ síbẹ̀ kí ẹ sì wọ ti aago mẹ́jọ, ṣùgbọ́n ẹ wo ọkọ̀ ìkẹyìn lórí áàpù láàárọ̀, kí ẹ tó kúrò nílé.

Ojú irin kan ṣoṣo ló wà láti Holzkirchen dé Tegernsee. Ọkọ̀ méjì kò lè kọjá lára wọn àfi ní ibùdó kan. Ìyẹn ni pé bí ọkọ̀ tó ń bọ̀ láti Munich bá pẹ́ ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá, tiyín náà á dúró dè é. Lẹ́yìn náà, ní Schaftlach àti Holzkirchen, wọ́n tún gbọ́dọ̀ so mọ́ àwọn apá yòókù. Bí ti Lenggries bá pẹ́, tiyín ń pẹ́. Bí ẹ bá ní ọkọ̀ òfuurufú tàbí reluwé ọ̀nà jíjìn tí ẹ fẹ́ bá ní Munich lálẹ́ yẹn, ẹ wọ ọkọ̀ tó ṣáájú èyí tó yẹ ní wákàtí kan.

Tí wọ́n bá ń tún ojú irin ṣe láàárín Munich àti Holzkirchen, S3, ọ̀kan lára àwọn ọ̀nà S-Bahn, lè gbà yín là, tí iṣẹ́ náà kò bá kan ìpín tí àwọn méjèèjì jọ ń lò. Ó ń gba Giesing àti Deisenhofen dé Holzkirchen, ó lọ́ra, àmọ́ ó ń dé. Ẹ wọ ti BRB níbẹ̀.

Mọ́tò? A8 tó lọ sí Salzburg ni, ẹ jáde ní Holzkirchen, ẹ gba B318 dé Gmund. B307 ló ń gba ìlà oòrùn lọ sí Tegernsee àti Rottach-Egern, B318 ló ń lọ sí Bad Wiessee. Láàárọ̀ ọjọ́ iṣẹ́ ó yá ju reluwé lọ. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Àìkú, ọ̀nà kan náà tí gbogbo àfonífojì ń gbà jáde ni B318, gbogbo wọn á sì tò síbẹ̀. Ibi ìgbọ́kọ̀sí tó wà létí adágún ń gba owó, ó sì máa ń kún kí ọ̀sán tó pọ́n.

Nígbà òtútù, ohun tó ń dá ọkọ̀ yìí dúró ni igi tí yìnyín wó sórí ojú irin. Ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kejìlá 2023, yìnyín tó bọ́ lórí gúúsù Bavaria pọ̀ débi pé wọ́n ti Hauptbahnhof Munich pa, ojú irin tó lọ sí àwọn òkè sì wà ní pípa fún ọjọ́ mélòó kan lẹ́yìn ìyẹn. Bí áàpù bá kọ „SEV“ síwájú ọkọ̀ yín, bọ́ọ̀sì ló ń rọ́pò reluwé. Tíkẹ́ẹ̀tì yín ṣì dára fún un, kì í gba kẹ̀kẹ́, kì í sì í fi gbogbo ìgbà dúró níwájú ibùdókọ̀: ẹ wá àkọlé aláwọ̀ tó ní lẹ́tà mẹ́ta náà kí ẹ tó jáde kúrò lórí pèpéle, nítorí pé ẹ̀gbẹ́ kejì ojú irin ni bọ́ọ̀sì náà lè wà.